Yaris kékeré àbí Benz àtijọ́: tówó ẹ̀ bá jẹ́ ọgbọọgba, èwo lẹ máa rà?

Àbúrò mi kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò tíì sọ hẹ́lò tán tó ti ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí mọ́tò o!" Bàbá àgbà kan ní Bódíjà ló fẹ́ ta Benz wọn, 280SE, mọ́dẹ́ẹ̀lì 1983, ó ti wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì látìgbà tí ojú bàbá ò ti jẹ́ kí wọ́n lè wakọ̀ mọ́, owó tí wọ́n ń béèrè ò sì ju owó Toyota Yaris tọ́kúnbọ̀ tí àbúrò mi ti ń fi èsúsú tọ́jú owó ẹ̀ látọdún tó kọjá. Ó ní kí ló dé tóun á fi máa wa ike nígbà tóun lè wa irin. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, irú Benz yẹn gan-an ni wọ́n fi kọ́ mi ní mọ́tò, bàbá mi lò ó fún ọdún mọ́kànlá, Yaris ni mo sì ń wà báyìí, ọdún kẹfà rèé. Gbogbo ohun tí mo sọ fún un lórí fóònù, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń dààmú.

Ohun tó ń dà wá lójú rú ni pé owó tí wọ́n fi ń rà á jọra. Owó ìrà yẹn ò sọ nǹkan kan fúnni o jàre. Mọ́tò méjèèjì yìí, ilé ayé tí wọ́n kọ́ wọn fún ò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wọn síra

Benz tí à ń wí yìí, W126 ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, Frankfurt ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé lọ́dún 1979, Bruno Sacco ló ṣolórí àwọn tó yà á, wọ́n sì ṣe é títí di 1991, ó ju 800,000 lọ tí wọ́n tà. Nígbà yẹn mọ́tò olówó ni, mọ́tò mínísítà, mọ́tò kọ́ńtírákítọ̀. Àwọn àgbà wa ní orúkọ tí wọ́n ń pe Benz, Mẹ́sí Ọlọ́yẹ́, kì í ṣe torí pé olóyè ló ń wà á o (èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà), ọyẹ́ tó ń fẹ́ nínú ẹ̀ ni wọ́n ń wí, torí ẹ́sì. Ẹni tí ò lówó Mẹ́sí nígbà yẹn, Volkswagen ìjàpá ló ń wà, kó sì dúpẹ́.

Yaris tó kún ìgboro báyìí, èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà, 2007 sí 2011, ni ìjàpá ayé òde òní. Ìyàtọ̀ wọn rèé ní ṣókí:

Ẹ́ńjìnnì: Yaris, lítà 1.5, sílíńdà 4, agbára ẹṣin 106. Benz 280SE, lítà 2.8, sílíńdà 6, agbára ẹṣin 185.
Táǹkì epo: Yaris, lítà 42. Benz, lítà 90.
Gígùn: Yaris tó ní búùtù, mítà 4.3, èyí tí ò ní búùtù, 3.8. Benz, bíi mítà 5.
Ìwúwo: Yaris lé díẹ̀ ní kílò 1,000. Benz lé ní 1,500.

Ẹ wo ti táǹkì yẹn dáadáa, ibẹ̀ la máa ti bẹ̀rẹ̀.

Epo

Nígbà tí bàbá mi ń lo Benz, epo ń jẹ́ náírà 65 lítà kan láti 2009 wá sí ìparí 2011, tí wọ́n bá ní kí wọ́n kún un láti òfìfo, náírà 5,850 ni, wọn ò tiẹ̀ ní wo ẹ̀rọ epo tí ń yí. Nígbà tó di January 2012, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, epo fò sí 141 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ìlú dúró fún ìyanṣẹ́lódì kí wọ́n tó dá a padà sí 97. Inú oṣù yẹn ni bàbá mi sọ pé kí n wá ẹni tó máa ra mọ́tò yẹn. Ìyẹn ni pé 97 ló lé bàbá mi nídìí Benz o! Lẹ́yìn tí wọ́n tún wá sọ ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ ti lọ pátápátá, ẹ̀yin náà mọ ibi tí epo gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 1,000 ṣírò ẹ̀ kó lè rọrùn, bó bá lé tàbí dín níbi tẹ́ ẹ wà ẹ ṣe àtúnṣe ẹ̀ fúnra yín.

Yaris tèmi, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti ìgboro, pẹ̀lú ẹ́sì, ń mu bíi lítà 8 fún kìlómítà 100. Benz wa nígbà yẹn, àwa la máa ń kọ ọ́ sínú ìwé torí bàbá mi fẹ́ràn àkọsílẹ̀, ó ń mu 17, 18. Ẹni tó ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù, tíyẹn ò sì pọ̀ fẹ́ni tó ń lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, Yaris á gba 80,000 lọ́wọ́ ẹ̀, Benz á gba 180,000. Ọgọ́rùn-ún kan ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù ni ìyàtọ̀, mílíọ̀nù 1.2 lọ́dún, epo nìkan nìyẹn, a ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Benz àtijọ́ kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára, ṣéènì ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tó ń já (ti Yaris náà ṣéènì ni), tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ lásìkò, á pẹ́ dáadáa. Ọ́ìlì ọ̀hún náà o, bíi lítà 6 ló ń mu, Yaris ò tó 4. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń pààyàn lórí Benz àtijọ́, nǹkan kéékèèké tó yí i ká ni, àti ẹni tó máa tún un ṣe.

E tó wà lẹ́yìn 280SE yẹn, injection ló túmọ̀ sí lédè Jámánì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì. Injection tó wà lórí ẹ̀ ń jẹ́ K-Jetronic, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, atẹ́gùn tó ń wọlé ló ń ti àwo irin kan, àwo yẹn ló ń sọ iye epo tó máa lọ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ irin sí irin. Iṣẹ́ tó dùn-ún wò ni tó bá ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àwọn ọmọ mẹkáníìkì òde òní, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe skáànì ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n bá dé ìdí Benz yìí tí wọn ò rí ihò tí wọ́n máa ki wáyà ẹ̀ bọ̀, ojú wọn á wá máa wò bọ̀ọ̀. Èyí tó nílò ni ẹni tó ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo, tó sì mọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń darúgbó, àwọn míì ti lọ.

Kí wá ni ẹni tí ò mọ̀ ọ́n máa ń ṣe? Á tú injection yẹn dànù, á fi kábúrétọ̀ sí i, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn. Tẹ́ ẹ bá rí 280SE tí kábúrétọ̀ wà lórí ẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ bà á jẹ́ (280S tí ò ní E ni kábúrétọ̀ ẹ̀ wá láti ilé). Tàbí kó yọ thermostat (ohun tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó), kó so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, kó ní "ọ̀gá, kò ní gbóná mọ́." Mẹkáníìkì tiwa ṣe é fún wa. Lóòótọ́ kò gbóná mọ́, kò tiẹ̀ wá móoru rárá, ẹ́ńjìnnì ń fi òtútù ṣiṣẹ́, epo tó ń mu wá lọ sí 22, oṣù mẹ́rin la fi ń wá ibi tí epo ń jò sí kí bàbá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi tó fọwọ́ kan rédíétọ̀ tó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tún wà níbẹ̀. Lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ẹ̀, kì í ṣe iná ló ń tì í, atẹ́gùn ni, inú rọ́bà tín-ín-rín ló ń gbà káàkiri mọ́tò. Gíà ọtọmátíìkì ẹ̀ náà ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rọ́bà tó wá láti ẹ́ńjìnnì. Ogójì ọdún rèé, rọ́bà á ti gan, á ti là. Tí rọ́bà gíà bá là, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn nípàá tó bá ń wọlé, gàù, gàù, mẹkáníìkì á ní gíà ti kú, ẹ lọ ra Belgium (àlòkù láti òkè òkun) wá. Ẹ ní sùúrù o, ẹ kọ́kọ́ yẹ rọ́bà wò, ó lè jẹ́ ohun tí ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Yaris ní tiẹ̀, àìsàn ẹ̀ kò ní àràmàǹdà. Kọ́ìlì mẹ́rin ló wà lórí plọ́ọ̀gì mẹ́rin, tí ọ̀kan bá kú, mọ́tò á máa gbọ̀n, iná á yọ ní dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á ki skáànì bọ̀ ọ́, á kọ P0301 tàbí P0303, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni sílíńdà tó ń ṣàìsàn, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ti ń lọ sílé. Ìṣẹ́jú ogún. Ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí láti Àgbàrá títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, mẹkáníìkì tó máa ṣí i wà níbẹ̀.

Sípéà páàtì náà bẹ́ẹ̀. Ti Yaris, tuntun àti Belgium, ó kún Ládípọ̀ ní Mushin, ó kún Gate níbí ní Ìbàdàn, wọ́n á tún máa dù yín láàárín ara wọn. Ti W126 wà o, mi ò ní purọ́, àmọ́ wíwá ni wọ́n ń wá a, ẹ máa fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, ọ̀kan á pè yín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án pé òun ti rí i, ẹ débẹ̀ ẹ bá ti W124, Benz míì. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá sì ti gbọ́ "Mẹ́sí", owó á yí padà lẹ́nu ẹ̀, torí pé lójú ẹ̀ olówó lẹ. Bàbá mi máa ń gbé mọ́tò sí ọ̀nà jínjìn kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọjà.

Torí náà lójú tèmi, ohun tí Benz yìí ń jẹ jù kì í ṣe owó, àsìkò ni. Sátidé yín ló máa jẹ. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa wà nídìí mọ́tò pẹ̀lú fitílà, tínú ẹ̀ ń dùn tó bá rí ìdí ìṣòro, ìgbádùn ni fún un. Ẹni tó kàn fẹ́ kí mọ́tò sitáàtì ní aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè kó má bàa pẹ́ níbi iṣẹ́, kó yáa sá.

Lójú ọ̀nà

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n yin Benz báyìí torí mo ti bú u jù. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lé ní kìlómítà 127, mo ti fi méjèèjì rìn ín láìmọye ìgbà. Nínú Yaris, tí tírélà bá kọjá lára yín lórí eré, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, mọ́tò á yẹ̀ fẹ́rẹ́ bí ewé, ẹ máa di sitíárìn mú. Ariwo táyà ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá dé Ṣágámù, ẹ ti fẹ́ na ẹsẹ̀. Benz ní tiẹ̀, ńṣe ló máa jókòó sórí ọ̀nà. Àga ẹ̀ ní sípíríǹgì nínú bíi ti bẹ́ẹ̀dì, kòtò tí Yaris máa kó sí tí eyín yín á pàdé ara wọn, Benz á kàn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, á kọjá lọ. Màmá mi tí ẹ̀yìn ń dùn, inú Benz yẹn nìkan ni wọ́n ti máa ń sùn dé Èkó. Mi ò tíì rí mọ́tò tuntun kankan lówó tí mo ní tó gbé màmá mi bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbé e wọ inú àdúgbò. Mítà márùn-ún nínú òpópónà Mushin tí wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ márúwá sí apá ọ̀tún, tí ìyá elélùbọ́ pàtẹ sí apá òsì. Ẹ fẹ́ yí padà, ẹ lọ síwájú, ẹ padà sẹ́yìn, ìgbà mẹ́fà, àwọn ọmọdé á ti máa darí yín. Yaris á yí lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbé ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ń pín ibi ìpáàkì kan, ìjà ni Benz máa dá sílẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀.

Ẹ́sì ńkọ́? Ọyẹ́ tó fún un lórúkọ yẹn, ṣé ó ṣì ń fẹ́? Gáàsì tí wọ́n fi sí Benz àtijọ́ láti ilé, R12 ni, wọ́n ti fòfin dá a dúró ní gbogbo ayé torí ó ń ba òfúrufú jẹ́, ẹ ní láti yí gbogbo ẹ̀ sí R134a tí Yaris ń lò. Tí wọn ò bá ṣe é dáadáa, á máa fẹ́ atẹ́gùn lásán, Mẹ́sí Ọlọ́yẹ́ tó ń làágùn.

Ọ̀wọ̀

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé Yaris lọ sí òde ìgbéyàwó, ọmọ tó ń darí mọ́tò á nawọ́ sí yín pé ẹ lọ páàkì lẹ́yìn ọ̀gbàrá lọ́hùn-ún. Gbé Benz àtijọ́ tó mọ́ tó ń dán dé, á sáré ṣí géètì, àwọn bàbá á dìde wá wò ó, wọ́n á máa sọ ìtàn èyí tí ọ̀gá àwọn ní lọ́dún 1982. Ìdùnnú yẹn ò ní ìdíyelé, mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó dọ̀tí, tí páńtì ẹ̀ ti ń bó, tó ń yọ èéfín? Àánú ni wọ́n máa ṣe yín. Yaris tó dọ̀tí, Yaris ni, kò sẹ́ni tó rí i.

Ààbò

Benz yìí lágbára, ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n fi yangàn nígbà tí wọ́n ṣe é, láti 1981 ni wọ́n ti ń fi airbag (àpò atẹ́gùn tó ń bẹ́ jáde tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan) sínú ẹ̀ fẹ́ni tó bá sanwó kún un. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nílẹ̀ wa níbí kò ní. Yaris Amẹ́ríkà ní airbag iwájú méjèèjì láti ilé, àmọ́ tọ́kúnbọ̀ ni, ó lè ti forí sọ nǹkan lọ́hùn-ún kí airbag ti bẹ́, kí wọ́n wá fi aṣọ dí ojú ẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sitáàtì ẹ̀, iná airbag gbọ́dọ̀ yọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó sì kú. Tí kò bá yọ rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó

Fún Yaris, ẹ gba nọ́ńbà ṣáásí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JTD, ẹ fi wá ìtàn ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó, á sọ bóyá wọ́n ti kà á sí mọ́tò tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tàbí tí omi ti gbé rí. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń tà á sọ fún yín pé kílómítà ẹ̀ kéré, ti Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà, ọ̀kẹ́ márùn-ún máìlì ti lé ní 160,000 kìlómítà. (Ojú ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù o, kì í ṣe iwájú yín, ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.)

Fún Benz, nọ́ńbà ẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDB126022 tó bá jẹ́ 280SE lóòótọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ibi tí wọ́n ń fi jáàkì sí, ẹ wo igun gíláàsì ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń farapamọ́ sí, pánẹ́ẹ̀bítà ló sì máa gba owó yín jù, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹ tì ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ wò bóyá gbogbo yòókù á tì. Èyí tó ti wà lójú kan fún ọdún púpọ̀ ni mo bẹ̀rù jù, torí epo àtijọ́ tó ti di gọ́ọ̀mù àti omi tó ti wọ táǹkì á ti wà nínú injection yẹn, ẹni tó bá kàn kó bátìrì sí i tó sitáàtì ẹ̀ láì fọ táǹkì ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará London, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Mọ́tò tó bá ti lé ní ogójì ọdún, wọ́n lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bíi mọ́tò ìtàn, kò ní san owó ọ̀nà ọdọọdún, kò sì ní san £12.50 ti ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tó ń ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Yaris tó jẹ́ 2006 sókè tó ń lo bẹntiróòlù náà kì í sábà san án. Nítorí náà lọ́dọ̀ yín, ìjà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, yàtọ̀ sí ibi tẹ́ ẹ máa páàkì ẹ̀.

Èmi, tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, Yaris ni, láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé mo ti ní Yaris nílẹ̀, tí ṣẹ́ẹ̀dì wà, tí mẹkáníìkì bàbá ọlọ́jọ́ orí kan wà tí mo ní nọ́ńbà ẹ̀, mo máa ra Benz yẹn lónìí, kí n máa gbé màmá mi lọ Èkó nínú ẹ̀.

Àbúrò mi gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí àga ẹ̀ o." A ti jọ fi Sátidé yìí ṣe àdéhùn pé a máa lọ wò ó. Mo ti ní kí wọ́n má fi bátìrì kankan kàn án kí n tó dé.